Ọjọ́ Márùn-ún Nínú Ìwé Kóòtù: Bí A Ṣe Tọpa Ìdílé Anthony Johnson

Ọjọ́ Ajé, Annapolis

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi kúrò ní Baltimore. Akọ̀wé kóòtù ni ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ìwé kóòtù àtijọ́ ni mo fẹ́ fi ọjọ́ ìsinmi mi kà, wọ́n ní, "Àbúrò mi, o ò ní lọ láìmú mi dání." Ìwé ìkọ̀wé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, pẹ́ńsù mẹ́rin àti awò tó ń mú lẹ́tà tóbi ni wọ́n kó sínú àpò wọn.

Anthony Johnson ni ọkùnrin tí à ń wá. Angola ni wọ́n ti kó o wá. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ di ọmọ Yorùbá. Ọdún 1621 ló dé Virginia, Antonio ni wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ó sin ẹlòmíì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó bọ́ nínú ìsìn, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó wá di onílẹ̀ nígbà tí àwọn òyìnbó fúnra wọn kò tíì lo àádọ́ta ọdún ní Virginia. Lónìí, ẹjọ́ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n, ẹjọ́ tó pè ní 1655 láti fi gba ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan padà bí ẹrú. Wọ́n á fa ojú ìwé yẹn yọ, wọ́n á fi dá àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lẹ́bi oko ẹrú, wọ́n á sì pa ìwé dé. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ẹni tó láya, tó bí ọmọ mẹ́rin, tí ìwé oríṣiríṣi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, kò yẹ kó di ojú ìwé kan.

Ẹni tó bá ń tọpa ìdílé kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ baba ńlá. Ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn tí ìwé dárúkọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa fà á bọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ́kọ́ lọ sí Annapolis, nítorí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Maryland ni ìwé Somerset wà, káúńtì kan bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, Somerset sì ni ìdílé Johnson kó lọ nígbà tí wọ́n kúrò ní Virginia.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí ni ti ọmọ-ọmọ. Ní 1677, John Johnson, ọmọ-ọmọ Anthony, gba ilẹ̀ 44 éékà ní Somerset. Ní Maryland, gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bá wọ̀n ló gbọ́dọ̀ ní orúkọ, bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ, orúkọ yẹn ni yóò sì máa bá ilẹ̀ náà lọ láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíì. Orúkọ tí John sọ ilẹ̀ tirẹ̀ ni Angola.

Ẹ̀gbọ́n mi ka ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ti kọjá lẹ́yìn tí bàbá àgbà rẹ̀ dé. Ọmọ náà kò fojú kan Angola rí. Ẹnìkan ti jókòó tì í nígbà tó wà ní kékeré, ó sì ti sọ fún un pé ibi báyìí ni a ti wá.

Lẹ́yìn náà ni a rí ìwé ìhágún Mary, ìyàwó Anthony, ti ọdún 1672. Opó ni nígbà yẹn. Anthony ti kú kí ọdún 1670 tó parí. Màlúù ló pín. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló dárúkọ, Anthony, Francis àti Richard, màlúù kọ̀ọ̀kan sì ni fún olúkúlùkù wọn. Mo ti kọ́kọ́ rò pé ó kéré. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò jẹ́ kí n yára kọjá.

"Ilẹ̀ ńkọ́?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní kò sí ilẹ̀ nínú rẹ̀ o, pé ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé kì í ṣe tiwọn, wọ́n yá a fún ọdún gbọọrọ ni.

"Ìyẹn ni pé ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò lè há ilẹ̀ fún ọmọ. Màlúù ló lè há. Màlúù á bímọ, ọmọ á tún bímọ, kò sì sí ọba tó máa wá sọ pé òun ló ni ín." Wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ orúkọ Francis. "Ọmọ tí wọ́n fún ní màlúù ní kékeré, tó bá tó gbéyàwó, agbo ẹran ló ní."

Ní ọdún 1672 kan náà, wọ́n kọ àmì ẹran John Casor sílẹ̀, àmì tí wọ́n fi ń dá màlúù ẹnìkan mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì nínú igbó. Mary ló fọwọ́ sí i kó ní in. Casor ni ọkùnrin tí wọ́n jà lé lórí ní 1655. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún ó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, kò tíì gba òmìnira, síbẹ̀ ó ní ẹran tirẹ̀. Mo kọ èyí sílẹ̀ fún Ọjọ́bọ̀.

Kí ilé ìpamọ́ ìwé tó tì, a kọ ohun kan sí i nípa John àgbà, ọmọ Anthony, bàbá John tó sọ ilẹ̀ ní Angola. Ó ré kọjá sí káúńtì Sussex ní Delaware. Ní 1704, kóòtù ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òmìnira ni, ẹni ọgọ́rin ọdún, tálákà, tí agbára iṣẹ́ ti tán lára rẹ̀. Wọ́n ní kí owó ìlú máa bọ́ ọ títí yóò fi kú. Bàbá rẹ̀ ti ní ilẹ̀ 250 éékà rí. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkan kan títí a fi dé ilé oúnjẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Salisbury àti Princess Anne

A gba afárá ńlá tó kọjá lórí Chesapeake Bay, a sì bọ́ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú lọ bí ẹní. Àgbàdo, ẹ̀wà sóyà, ilé adìyẹ gígùn-gígùn, lẹ́yìn náà igbó páìnì àti àbàtà. Ní Salisbury a ya yunifásítì ibẹ̀, níbi tí ilé ìwádìí ìtàn agbègbè náà wà, a wo máàpù ilẹ̀ àtijọ́ fún wákàtí méjì.

Odò Wicomico Creek ni ilẹ̀ tí Anthony yá wà, 300 éékà. Tonies Vineyard ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọgbà àjàrà Tony. A wakọ̀ lọ síbẹ̀, a sì dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí pátákó kankan tí a rí. Omi náà dúdú díẹ̀, koríko gíga yí i ká. Nígbà tí wọ́n kó dé ní nǹkan bí ọdún 1665, màlúù mẹ́rìnlá, abo ẹṣin kan àti àgùntàn méjìdínlógún ni wọ́n dà wá láti Virginia. Mo gbìyànjú láti fojú inú wo agbo ẹran yẹn lójú ọ̀nà, àti bàbá arúgbó tó ń tún ilé kọ́ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Òjò lé wa wọ ọkọ̀.

Ọjọ́rú, Accomac

Ọ̀nà márosẹ̀ 13 la gbà wọ Virginia. Títí di 1663, káúńtì kan ṣoṣo ni gbogbo etíkun yìí, Northampton. Ọdún yẹn ni wọ́n gé apá òkè rẹ̀, wọ́n sì pè é ní Accomack. Ilẹ̀ Anthony, tó wà lẹ́bàá odò Pungoteague, bọ́ sí apá òkè. Ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà lẹ́yìn 1663 nínú ìwé Northampton nìkan kò ní bá a. Èmi náà ti fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣòfò lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí èyí lọ́dún tó kọjá.

Kí Anthony tó kó lọ sí Maryland, ó ta 200 éékà fún àwọn òyìnbó méjì, ó sì fi 50 tó kù sílẹ̀ fún Richard ọmọ rẹ̀, tó dúró sẹ́yìn pẹ̀lú aya àti ọmọ. Tábà ni owó nígbà yẹn, tábà ni wọ́n sì fi ń san gbèsè. Ọkùnrin alágbára kan ní àdúgbò náà, Edmund Scarburgh, mú lẹ́tà kan wá pé Anthony gbà pé òun jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó sì fi lẹ́tà náà gba 1,344 pọ́n-ùn tábà. Anthony kò mọ̀wé kọ. Wọ́n sì san án.

Ẹjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 1670 la torí rẹ̀ wá. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin jọ láti wádìí ilẹ̀ 50 éékà yẹn, òyìnbó ni gbogbo wọn. Ìdájọ́ wọn kò gùn. Wọ́n ní aláwọ̀ dúdú ni Anthony Johnson, nípa bẹ́ẹ̀ àjèjì ni, nítorí náà ilẹ̀ rẹ̀ padà sọ́wọ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ka á fún ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí n tún un kà.

"Ta ló ṣojú ọmọ náà?"

Mo ní n kò rí i pé ẹnikẹ́ni ṣojú rẹ̀.

"Bàbá ti kú tàbí ó ń kú lọ ní ìlú míì, ọmọ ń gbé lórí ilẹ̀, wọ́n wá jókòó láàárín ara wọn, wọ́n ní àjèjì ni bàbá. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà." Ohùn wọn ti lọ sókè, ẹni tó wà ní tábìlì kejì sì wò wá. Mo tọrọ gáfárà, ṣùgbọ́n mi ò ní kí wọ́n dákẹ́. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní kóòtù, ẹjọ́ ilẹ̀ ló pọ̀ jù lọ lábẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn tó bá dé ibi tí kò sí ẹ̀rí míì mọ́: àjèjì, àtọ̀húnrìnwá, ìwọ kì í ṣe ọmọ ibí.

Ọdún 49 ni Anthony ti wà ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n pè é ní àjèjì. Ó ti san owó orí, ó ti pẹjọ́, wọ́n ti pè é lẹ́jọ́, ìjọba kan náà sì ti fún un ní ìwé ilẹ̀. Ní ọdún 1670 yìí kan náà ni Virginia ṣòfin pé aláwọ̀ dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ òmìnira tó ti ṣèrìbọmi, kò gbọ́dọ̀ ní òyìnbó gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ní 1662, wọ́n ti ṣòfin pé ọmọ tí ẹrúbìnrin bá bí, ẹrú ni. Ilẹ̀kùn ń tì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdílé yìí sì wà láàárín ìloro.

Ọwọ́ George Parker, aládùúgbò olówó kan, ni 50 éékà Richard bọ́ sí níkẹyìn. Ẹ̀gbọ́n mi kọ orúkọ náà gàdàgbà, wọ́n sì yí i po. "Parker," ni wọ́n ń wí. "A máa tún rí i."

Ọjọ́bọ̀, Eastville

A rí i ní Eastville.

Ìlú kékeré ni, ṣùgbọ́n ìwé kóòtù tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1632, kò sì dá dúró rí. Kò sí ibòmíì ní Amẹ́ríkà tí ìwé kóòtù rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìjá. Ọ̀pọ̀ káúńtì Virginia kó ìwé tiwọn lọ fi pamọ́ sí Richmond nígbà ogun abẹ́lé, iná sì jó wọn níbẹ̀ ní oṣù kẹrin 1865. Ti Northampton kò kúrò nílé. Bí wọ́n bá ti kó wọn lọ ni, a kì bá tí gbọ́ orúkọ Anthony Johnson ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún le púpọ̀ láti kà. Lẹ́tà e dà bí o, s gùn bí f, akọ̀wé sì ń gé ọ̀rọ̀ kúrú kí ìwé má bàa tètè tán. Agbára ẹ̀gbọ́n mi hàn níbí. Wọ́n ní kí n má ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n wá ibi tí akọ̀wé ti máa ń sọ ohun kan náà: ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó, ìbúra ẹlẹ́rìí, iye owó ẹjọ́. "Akọ̀wé kóòtù kan náà ni gbogbo wa, bó ṣe wà ní Mápó ló wà níbí." Láàárín wákàtí kan wọ́n ti ń kà á ju èmi lọ.

Kàlẹ́ńdà tún fẹ́ ṣì wá lọ́nà. Ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn nígbà náà, títí di 1752. Nítorí náà, oṣù kejì tí wọ́n kọ 1652 sí, 1653 ni ní ìṣírò tiwa. Ẹni tí kò bá mọ èyí á fi ọmọ ṣíwájú ìyá.

Oṣù kejì yẹn gan-an ni iná jó oko Johnson. Anthony àti Mary wá bẹ kóòtù. Kóòtù kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ní Virginia, pé gbogbo èèyàn mọ̀ wọ́n sí òṣìṣẹ́ kára, wọ́n sì yọ Mary àti ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì kúrò nínú owó orí títí ọjọ́ ayé wọn. Kí àánú yìí tó yé èèyàn, ó ní láti mọ̀ pé láti 1643, òfin Virginia ń gba owó orí lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú, kò sì gbà á lórí obìnrin òyìnbó. Ọjọ́ kan yẹn, kóòtù yìí fi Mary sípò tí wọ́n fi ìyàwó aládùúgbò rẹ̀ sí. Mo fọwọ́ kan etí ìwé náà. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló wà láàárín ojú ìwé yìí àti ọ̀rọ̀ "àjèjì" tí a kà lánàá.

Joan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà, tún wà níbẹ̀: ní 1657, ọba kan nínú àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé fún un ní 100 éékà. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn sí èyí ju ohun gbogbo lọ. "Onílẹ̀ gangan ló fún un," ni wọ́n wí.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán la ṣí ẹjọ́ Casor.

Ní oṣù kọkànlá 1654, ọ̀gágun kan, Samuel Goldsmith, wá gba tábà ní ilé Anthony, John Casor sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun wá sí Virginia láti ṣiṣẹ́ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, pé ọdún náà ti pé tipẹ́, Anthony kò sì jẹ́ kí òun lọ. Anthony ní òun kò rí ìwé kankan bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ títí ayé ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọ̀kan ní ìwọ̀fà lòun, èkejì ní ẹrú ni." Ó súnmọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀fà tiwa ń sìn títí gbèsè yóò fi tán, tiwọn sì ń ka ọdún.

Àwọn Parker, Robert àti George, gbè sẹ́yìn Casor. Ìwé náà fi hàn pé ìyàwó Anthony, ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì àti àna rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọkùnrin náà sílẹ̀. Ó gbọ́, ó fi í sílẹ̀. Casor lọ ń ṣiṣẹ́ fún Robert Parker. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà Anthony yí ọkàn padà, ó pe Parker lẹ́jọ́, ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta 1655 kóòtù sì ní kí Casor padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kí Parker san owó ẹjọ́.

Mi ò wá síbí láti wẹ Anthony mọ́. Ohun tó ṣe sí Casor burú, kóòtù tó ràn án lọ́wọ́ sì la ọ̀nà tó burú jùyẹn lọ. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìròyìn ẹjọ́ yìí ní àìmọye ibi, wọn kì í sọ pé Mary àti àwọn ọmọ bẹ̀bẹ̀ fún Casor. Wọn kì í sì í sọ pé George Parker tó dúró ti Casor lónìí ni yóò gba ilẹ̀ Richard ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i.

Ojú ìwé kan ló kù kí ilẹ̀ tó ṣú, ti 1645. Ẹlẹ́rìí kan ròyìn ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu "Anthony aláwọ̀ dúdú" lẹ́yìn tí òun àti ọ̀gágun Taylor pín àgbàdo wọn. Anthony ní inú òun dùn, òun ti wá mọ èyí tó jẹ́ ti òun. Ó ní òun mọ ilẹ̀ òun, ìgbà tó bá wu òun lòun máa ṣiṣẹ́, ìgbà tó bá wu òun lòun máa ṣeré. Akọ̀wé kò kọ Johnson síbẹ̀, Anthony míì tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú sì wà ní káúńtì náà, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó jẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́, mo sì fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, Richmond

Afárá tó wọ abẹ́ òkun lẹ́nu Chesapeake Bay la gbà jáde, ó lé ní máìlì mẹ́tàdínlógún. Ilé ìkàwé ìjọba Virginia ní Richmond ni ìwé àṣẹ ilẹ̀ wà, iṣẹ́ ibẹ̀ sì yá. 24 oṣù keje 1651: 250 éékà fún Anthony Johnson lẹ́bàá odò Pungoteague. Ẹni tó bá san owó ọkọ̀ ojú omi fún èèyàn kan wá sí Virginia, 50 éékà ni tirẹ̀, orúkọ èèyàn márùn-ún ló sì wà lábẹ́ ìwé Anthony. Richard Johnson jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 1654 Richard gba 100 éékà tirẹ̀. John Johnson pọ̀ ju ẹyọ kan lọ nínú ìwé, òyìnbó wà níbẹ̀. Níbi tí akọ̀wé kò bá ti kọ "aláwọ̀ dúdú" sẹ́yìn orúkọ, a fi àlàfo sílẹ̀.

Ó ku ìwé kan, àkójọ orúkọ àwọn èèyàn Virginia ti 1625. London ni ojúlówó rẹ̀ wà, ẹ̀dà la kà. Lábẹ́ oko Bennett, ní ìhà gúúsù odò James, àwọn méjèèjì wà níbẹ̀: Antonio, nínú ọkọ̀ James, 1621, Mary, nínú ọkọ̀ Margaret and John, 1622. Ní oṣù kẹta 1622, àwọn ọmọ onílẹ̀ dìde sí àwọn òyìnbó, wọ́n pa èèyàn tó lé ní àádọ́ta ní oko yìí nìkan. Díẹ̀ ló yè. Antonio wà nínú àwọn tó yè.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tọ ìlà méjèèjì. "Orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kí orúkọ bàbá wà."

Wọ́n ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé wọn. Wọ́n kọ Antonio àti Mary sí àárín, ọmọ mẹ́rin sí abẹ́ wọn, John, Richard, Joan, àti ọmọbìnrin kan tí kò lórúkọ, lẹ́yìn náà John ti Angola, Anthony, Francis, Richard kékeré. Wọ́n kọ John Casor náà sí ẹ̀gbẹ́, nínú àpótí tirẹ̀, pẹ̀lú àmì ẹran rẹ̀. Lókè Antonio wọ́n fa ìlà méjì, ti bàbá àti ti ìyá. Lókè Mary wọ́n fa méjì. Lókè Casor, méjì. Wọn kò kọ nǹkan kan sórí wọn, wọ́n sì ní kí n má kọ nǹkan kan síbẹ̀.